Ẹ Má Béèrè Gángan Lọ́wọ́ Babátúndé

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti fọ́n káàkiri ayé ni àwa tí a kù sílé ti dorí òwe yìí kodò: orúkọ ni à ń wò báyìí kí a tó gbọ́ ohun tí ọmọ ń wí. Bí orúkọ Yorùbá bá ti wà lára àwo orin kan tí ó ti òkè òkun wá, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa kì í ṣe pé, ‘Ǹjẹ́ orin náà dára?’ Ohun tí a máa ń béèrè ni pé, ‘Gángan dà níbẹ̀?’ Bí a kò bá rí gángan, a ó bu ẹnu àtẹ́ lu ọmọ náà, a ó ní ó ti sọnù sí ìlú òyìnbó. Bí a bá sì rí ohun kan tí ó fẹ́ jọ gángan, a ó pariwo pé ẹ̀jẹ̀ ń fọhùn, a ó sì gbàgbé láti gbọ́ orin. Ìwà yìí ni mo fẹ́ bá jà nínú àròkọ yìí. Àwo orin kan pàtó ni n ó sì fi ṣe pápá ìjà náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ orin tí a kò bá gbé ka orí orin kan, ariwo lásán ni.

Àwo náà ni Return to Cookie Mountain, èyí tí ẹgbẹ́ olórin róòkì kan tí ń jẹ́ TV on the Radio gbé jáde ní ọdún 2006. Àdúgbò Brooklyn ní ìlú New York ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀. Aṣáájú akọrin wọn ni Túndé Adébímpé, tí a bí ní ìlú St. Louis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1975, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ. Orúkọ rẹ̀ méjèèjì, Babátúndé àti Adébímpé, kò nílò ògbufọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó ń ka ìwé yìí. Àwọn yòókù ni Kyp Malone, akọrin àti onígìtá. David Sitek, ẹni tí ó ń darí bí a ti ń gba ohùn sílẹ̀. Jaleel Bunton, onílù. Àti Gerard Smith tí ń ta gìtá béèsì. Aláwọ̀ dúdú ni mẹ́rin nínú wọn, Sitek nìkan ni òyìnbó. Àwo wọn kejì ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Èyí àkọ́kọ́, Desperate Youth, Blood Thirsty Babes, jáde ní 2004, ó sì gba ẹ̀bùn Shortlist tí wọ́n ń fún àwo orin ní Amẹ́ríkà nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ orúkọ ná, nítorí orúkọ ni àwọn tí mo ń bá jà gbójú lé. Kí ni Babátúndé? Bàbá àgbà kú, a bí ọmọkùnrin sínú ẹbí lẹ́yìn rẹ̀, a ní bàbá ti tún dé. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ bàbá lé ìkókó lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìkómọ? Ta ni ó ní kí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wá parí ẹjọ́ ilẹ̀ tí bàbá kò parí kí ó tó kú? Àwọn tí wọ́n dá orúkọ yìí sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí a bí ọmọ ni wọ́n máa ń wádìí àkọsẹ̀jayé rẹ̀ lọ́dọ̀ babaláwo, kí wọ́n lè mọ ohun tí ọmọ náà bá wá sáyé. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Wọn kì í lọ sọ fún Ifá ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe; ńṣe ni wọ́n ń lọ béèrè. Wọ́n gbà pé bàbá ni ó padà wá, wọ́n sì tún gbà pé orí tí ó yàn ní ìpadàbọ̀ yìí lè má jẹ́ orí tí ó yàn tẹ́lẹ̀. Àwa tí a ń fi ẹnu wa pe ara wa ní olùgbèjà àṣà ni kò ní sùúrù tó báyẹn mọ́.

Àwo tí mo ń sọ yìí pàápàá, ìpadàbọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Òkè tí orúkọ náà ń tọ́ka sí kì í ṣe Òkè Olúmọ, kì í ṣe Òkè Ìdànrè. Òkè kan ni nínú géèmù Super Mario World, èyí tí àwọn ọmọdé ń fi tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn: ọmọ Adébímpé ń padà sí orí òkè ìpápánu inú ẹ̀rọ! Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Amẹ́ríkà ní àsìkò náà, òkè inú ẹ̀rọ wà lára àwọn òkè ìgbà èwe rẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti ṣeré rí ni ó lè padà sí. Kò lè padà sí ibi tí àwọn òbí rẹ̀ nìkan ti ṣeré.

Nínú òwò àwo orin nílẹ̀ òyìnbó, ìbẹ̀rù kan wà tí gbogbo olórin mọ̀, ìbẹ̀rù àwo kejì. Ohun tí olórin ti ń kó jọ láti ìgbà èwe ni ó ń tú sínú àwo àkọ́kọ́, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí yóò bá fi kan èkejì, oníṣòwò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, lámèyítọ́ ti gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mú, àwọn olólùfẹ́ sì ń fẹ́ kí a tún ṣe ti ìṣáájú fún wọn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jọ ti ìṣáájú jù. The Stone Roses ti ìlú Manchester ṣe àwo àkọ́kọ́ ní 1989, wọ́n gbé wọn gẹ̀gẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Bírítéènì. Ó lé ní ọdún márùn-ún kí èkejì tó jáde ní ìparí 1994, ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ sì pa á tì. Orúkọ tí wọ́n fún èyí náà, ẹ gbọ́ ná, ni Second Coming: ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ ṣáá ni. Ti Nirvana yàtọ̀. Wọ́n kúrò lábẹ́ Sub Pop, iléeṣẹ́ kékeré kan ní Seattle, wọ́n bọ́ sábẹ́ iléeṣẹ́ ńlá, àwo kejì wọn, Nevermind (1991), sì mi ayé tìtì.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń wá lọ sí Manchester àti Seattle? Àpẹẹrẹ tí ó dára jù wà nílé. Bob Marley kú ní 1981. Iléeṣẹ́ Island tí ó ń gbé orin rẹ̀ jáde bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì mú King Sunny Adé. Jùjú Music jáde ní 1982, Synchro System ní 1983, Aura ní 1984. Àwọn ni wọ́n ń ka èyí sí àkọ́kọ́, èkejì àti ẹ̀kẹta. Sunny Adé ti ṣe àwo àìmọye nílé kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Èkejì náà ni ó mú kí wọ́n yàn án mọ́ àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn Grammy. Nínú ẹ̀kẹta, Stevie Wonder fọn hàmóníkà fún un, síbẹ̀ ọjà kò tà tó bí wọ́n ti retí, Island sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọkùnrin náà ṣẹ̀? Wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ Marley tí ó túndé, òun sì jẹ́ ọmọ Oǹdó tí ń ṣe jùjú. Títí di òní, bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ náà nílé, inú ń bí wa, a sì jàre. Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà pé irú òṣùwọ̀n tí Island fi wọn Sunny Adé, tí a bínú sí, òun gan-an ni àwa náà gbé jáde láti fi wọn Adébímpé. Àwọn ní, ‘Kí ló dé tí o kò fi jọ ọmọ Jàmáíkà?’ Àwa ní, ‘Kí ló dé tí o kò fi jọ Sunny Adé?’

Ó yẹ kí n sọ bí àwo náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń dá a lẹ́jọ́ kò gbọ́ ọ já. Nínú àwo ti 2004, mẹ́ta péré ni wọ́n: Adébímpé, Malone àti Sitek. Ẹ̀rọ ni ó ń lu púpọ̀ nínú ìlù wọn, ohùn ènìyàn ni wọ́n sì ń tò léra wọn bí ẹní. Orin kan wà níbẹ̀, Ambulance, tí kò ní ohun èlò kankan yàtọ̀ sí ohùn wọn. Ẹwà rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ohun tí ó rọrùn fún wọn ní ọdún méjì lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ mẹ́wàá sí i, kí wọ́n sì máa jẹun lórí rẹ̀. Dípò èyí, wọ́n ti mú onílù gidi wọlé, wọ́n sì ti mú Gerard Smith, ẹni tí ó ti ń fi gìtá ṣagbe orin ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kúrò lọ́dọ̀ Touch and Go, iléeṣẹ́ aládàáni kékeré ti Chicago, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Interscope tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá. Ẹni tí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé wọn yóò fọ orin wọn mọ́, wọn yóò fi òróró pa á kí ó lè máa dán lórí rédíò.

Òdìkejì ni wọ́n ṣe. Bí o bá ti fi àwo náà sí i, ohun tí yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ ni ìlù kan tí ó wúwo tí ó sì ń tiro, àti ìró fèrè tí a ti gé wẹ́wẹ́, tí ó ń kọsẹ̀ bí ẹni pé rédíò ń wá ibùdó tí kò rí. Lórí gbogbo èyí ni ohùn méjì dúró lé, ọ̀kan lókè tín-ín-rín, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ ìfẹ́ rí kí ogun tó dé. Sitek kò fi àyè sílẹ̀ nínú orin. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti máa fi gìtá kan, mẹ́ta ni yóò fi síbẹ̀, yóò sì fi ariwo ẹ̀rọ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Wolf Like Me dé ní àárín àwo, eré sísá pọ́ńbélé, orin ọkùnrin tí ó ń di ìkookò nítorí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Ìtàn òyìnbó ni ti ẹni tí ń di ìkookò, mo mọ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn ọdẹ tí ó rí obìnrin tí ó bọ́ awọ ẹfọ̀n sílẹ̀ nínú igbó kò ní ṣàìrí ẹnu ọ̀nà kan gbà wọlé sínú orin náà. Ẹnu ọ̀nà tiwa nìyẹn. Olórin kọ́ ni ó là á fún wa, kò sì jẹ wá ní gbèsè rẹ̀.

Ohun kan wà nínú àwo yìí tí mo fẹ́ kí àwọn àgbà wa kíyè sí. Nínú orin tí ń jẹ́ Province, David Bowie bá wọn kọrin. Bowie nìyí, àgbà ọ̀jẹ̀, ẹni tí ó ti di ọba nínú róòkì kí a tó bí Adébímpé. Ẹ wo ohun tí ó ṣe. Kò gba orin mọ́ àwọn ọmọdé lẹ́nu. Kò ní kí wọ́n kọ ọ́ bí òun ti ń kọ tòun ní 1972. Ó lọ dúró sẹ́yìn, ó gbè. Ẹni tí kò bá fi etí sílẹ̀ dáadáa, yóò gbọ́ orin náà tán láìmọ̀ pé àgbà kankan wà níbẹ̀. Mélòó ni àgbà wa tí ó lè gbè lẹ́yìn ọmọdé?

Nígbà tí ó bá wá kan A Method, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú súfèé, àti Let the Devil In, níbi tí ìlù ti pọ̀ tí ẹgbẹ́ ohùn sì ń ké lé e lórí, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ará ilé mi yóò ti fò sókè: ‘Ẹ gbọ́ ìlù! Ẹ gbọ́ lílé àti ègbè! A kò wí fún yín?’ Èyí ni ìdẹkùn kejì, ó sì léwu ju èyí àkọ́kọ́ lọ nítorí pé ó dùn. Àwọn òyìnbó kan náà ń bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n rí orúkọ tí wọn kò lè pè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Áfíríkà níbi tí ó jẹ́ pé onílù láti Amẹ́ríkà ni ó jókòó. Ṣé a kò mọ̀ pé lílé àti ègbè wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà láti ìgbà oko ẹrú? Ṣé a kò mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń dúró sí ìkóríta New York àti Philadelphia ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n ń tò ohùn léra wọn láìsí ohun èlò kankan? Bí a bá fẹ́ tọ odò náà dé orísun rẹ̀, bóyá a ó dé etíkun wa lọ́jọ́ kan, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n láàárín etíkun wa àti Brooklyn, irinwó ọdún àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún olórin ni ó wà níbẹ̀, wọ́n ní orúkọ, wọ́n sì ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó bá fò wọ́n ru kí ó lè wí pé tiwa ni, olè ni mo pè é.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ díẹ̀ nínú wọn. Sister Rosetta Tharpe, tí a bí ní Cotton Plant ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní 1915, ń fi gìtá oníná kọrin ìhìn rere ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń pè ní baba róòkì ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Little Richard wá láti Macon ní Georgia. Chuck Berry, ẹni tí ó gbé Maybellene jáde ní 1955, ọmọ St. Louis ni. Ẹ rántí ìlú tí mo ní a ti bí Túndé Adébímpé. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní ọmọ náà fi ohun tirẹ̀ sílẹ̀ ó lọ gbé orin òyìnbó, n kò mọ ẹ̀kọ́ ìtàn tí ó kọ́. Ìlú tí ó ti ṣí ojú sáyé ni ọ̀kan lára àwọn tí ó dá orin náà sílẹ̀ ti wá, ọkùnrin dúdú ni pẹ̀lú. Òyìnbó ni ó gba róòkì lọ́wọ́ onílé, ó sì pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀ tí àwa náà fi gbà pé òun ni ó ni ín.

Mo sì tún fẹ́ bi àwọn oníbèéèrè gángan léèrè: ǹjẹ́ ẹ mọ ìgbà tí gángan wọ inú jùjú? Túndé ni orúkọ ọ̀kan lára àwọn tí ó dá jùjú sílẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, Túndé King. Gìtá-bànjó ni ó ń ta. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti tamboríìn ni ó ń bá a lọ. Kò sí gángan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1948, ni Akanbi Ẹ̀gẹ̀ mú gángan wọ agbo jùjú. Nígbà náà, ohun èlò àlejò ni ó kọ́kọ́ dé inú jùjú, gángan ni ó wá bá a níbẹ̀! I. K. Dáíró mú àkọ́díọ̀nù wọlé, wọ́n sì fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá ní 1963. Gìtá tí a ń tẹ́ kalẹ̀, tí a ń fi irin fà kí ó máa sunkún, tí àwọn olórin oko Amẹ́ríkà fẹ́ràn, Sunny Adé gbé e wá, Démọ́lá Adépọ̀jù sì mọ̀ ọ́n fà dé ibi pé Paul Simon lò ó nínú Graceland ní 1986. Bẹ́ẹ̀ ni róòkì gan-an kì í ṣe àlejò ní Èkó: ẹgbẹ́ BLO, Berkley Jones, Láolú Akins àti Mike Odùmósù, gbé Chapter One jáde ní 1973. Àṣà tí ó ń gba gbogbo èyí mọ́ra láàárín àádọ́ta ọdún, òun ni àwọn kan fẹ́ sọ di àpótí tí a ti kàn ní ìṣó.

Àbùkù tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti orin. Ní Ìbàdàn àti ní Èkó lónìí, ilé ẹ̀kọ́ wà tí ọmọ yóò ti san owó ìtanràn bí ó bá la ẹnu sọ Yorùbá. Àwọn òbí mọ̀, àwọn ni ó sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọn a máa fi Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún ọmọ kí ó kúnlẹ̀ kí bàbá àgbà, bàbá àgbà a sì fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ó máa ń jókòó níbi ayẹyẹ, nínú agbádá olówó iyebíye, tí wọn yóò máa dárò pé àwọn ọmọ wa tó wà ní òkè òkun ti gbàgbé orísun. Ohun tí ọwọ́ wọn dà nù nílé ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò dàgbà níbẹ̀. Ó rọrùn láti ní kí ẹlòmíràn lu gángan. Kí ènìyàn kọ́ ọmọ tirẹ̀ ní òǹkà láti ení dé ogún ni ó nira.

Ẹnì kan yóò bi mí pé, ‘Ṣé ohun tí o ń wí ni pé kí a gba gbogbo ohun tí ó bá ṣáà ti ní orúkọ Yorùbá lára gẹ́gẹ́ bí orin Yorùbá?’ Rárá o. Àwọn tí ń fi orúkọ ṣe òṣùwọ̀n ni kí ó lọ bi bẹ́ẹ̀. Return to Cookie Mountain kì í ṣe orin Yorùbá, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ ẹ́ kí ó di orin Yorùbá. Orin Amẹ́ríkà ni, orin Brooklyn ni, orin àsìkò kan pàtó. Àsìkò náà ni ogun Iraq ń jó lọ, tí ìjì Katrina sì ti ba New Orleans jẹ́ ní 2005, tí a fi àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ sórí òrùlé nínú omi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, kí àwo kejì tó jáde, ẹgbẹ́ yìí gbé orin kan, Dry Drunk Emperor, jáde lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fi bú ààrẹ ilẹ̀ wọn. Ìbínú náà, àti àárẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ni ó wà nínú àwo náà. Bí a bá ń wá gángan kiri níbẹ̀, a kò ní gbọ́ ẹkún. Ẹkún àwọn ẹlòmíràn ni, àwọn ni ó kú nínú omi yẹn, ó sì yẹ kí a jẹ́ kí ó jẹ́ tiwọn.

Láti 2006 títí di òní, n kò tíì ka àròkọ kan ní èdè Yorùbá tí ó jókòó ti àwo yìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Mo ti gbọ́ kí wọ́n yin olórin náà nítorí orúkọ rẹ̀. Mo ti gbọ́ kí wọ́n bú u nítorí ìró rẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ lámèyítọ́ nínú méjèèjì. Nítorí náà ni n kò fi ní fi àléébù rẹ̀ bò. Orin náà nípọn jù ní àwọn ibì kan. Sitek fẹ́ràn kí ó máa bu nǹkan kún nǹkan dé ibi pé ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin a máa rì, àwa tí a sì wá láti inú àṣà tí ó ti jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni ọba orin ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn nípa èyí. Agbára rẹ̀ dínkù lẹ́yìn Wolf Like Me; ó ń gun òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wash the Day, tí ó kẹ́yìn, lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo sì rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ìbá tó o. Àwo tí ó tẹ̀ lé e, Dear Science (2008), mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ó sì ṣeé jó sí. Síbẹ̀ èkejì yìí ni mo máa ń padà sí, nítorí pé nínú rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ àwọn ènìyàn tí ó mọ ohun tí ọjà ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n gbé e yẹ̀ wò, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́ láìpariwo. Wọn kò ta àwọ̀ wọn, wọn kò ta orúkọ ìdílé, wọn kò tún àwo àkọ́kọ́ tà. Ìwé ìròyìn Spin ní Amẹ́ríkà pè é ní àwo tí ó dára jù lọ ní ọdún 2006. Kò jẹ́ kí n gbóríyìn fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kàn sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé àwọn kan gbọ́.

Gerard Smith kú ní 2011. Ọdún mẹ́rìndínlógójì péré ni ó lò láyé. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún bọ́ sórí ìtàgé ní 2024 lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọn kò ṣeré, àwo àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣàjọ̀dún rẹ̀, ó pé ogún ọdún. Sitek kò bá wọn lọ sórí ìtàgé. Ní ọdún 2025, Adébímpé gbé àwo kan jáde tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, Thee Black Boltz, lábẹ́ Sub Pop, iléeṣẹ́ kan náà tí Nirvana fi sílẹ̀ nígbà àwo kejì. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni. Kò pẹ́ tí ó jáde tí ojúlùmọ̀ mi kan fi bi mí bóyá ọmọ wa ti rántí ilé nínú rẹ̀. Mo ní kí ó jókòó, mo fi àwo náà sí i fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn orin kẹta, kò béèrè mọ́.